Bí ìlú yín bá ń lé hẹdikọ́tà LCDA tuntun, ẹ má tíì lọ Adó

Ẹ̀yin ará ilé, tí wọ́n bá ti ń gbé e kiri lórí WhatsApp ìlú pé ìjọba fẹ́ gé LCDA míì jáde (agbègbè ìdàgbàsókè tí ìjọba ìpínlẹ̀ máa ń gé jáde lára ìjọba ìbílẹ̀), ká tó ṣẹ́jú, wọ́n á ti ní "ọ̀dọ̀ wa ló gbọ́dọ̀ wà", àwọn kan á ti gbéra lọ bá ọnọrébù ilé aṣòfin ní Adó-Èkìtì, àwọn tó wà lẹ́yìn odi á ti máa dáwó. Ẹ sinmi ná. Àwọn ìlú tẹ́ ẹ jọ máa wà nínú LCDA yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá, torí àwọn ló lè dà á rú mọ́ yín lọ́wọ́, àwọn náà ló sì lè bá yín fọwọ́ sí i.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tẹ́ ẹ ń lé. LCDA kì í ṣe ìjọba ìbílẹ̀ gan-an o. 774 ló wà nínú òfin àgbà ọdún 1999, tá a bá ka mẹ́fà ti Abuja mọ́ ọn, 16 ni ti Èkìtì. Kẹ́ ẹ tó fi ẹyọ kan kún un, wàhálà rẹ̀ pọ̀: àwọn aṣòfin tó ń ṣojú agbègbè yẹn, àwọn kánsẹ́lọ̀, ìbò ará ìlú, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Abuja náà á tún ṣe tiẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tuntun tí Èkó dá sílẹ̀ há sí, Supreme Court ní 2004 ní títí Abuja á fi ṣe tiẹ̀ kò tíì pé, ni wọ́n bá sọ àwọn tuntun yẹn di LCDA. Irú ẹ̀ náà làwa ń lò. Abuja kì í fún un lówó tààrà, ara owó káńsù tó bí i ló ti ń jẹ. Nítorí náà ẹ má ṣèlérí títì ọ̀dà fún àwọn ọ̀dọ́. Ọ́fíìsì lẹ máa rí, òṣìṣẹ́ tó máa gba yàrá, tó máa jẹun lọ́dọ̀ àwọn ìyá olóńjẹ, ìyẹn náà dáa.

Lẹ́yìn náà ẹ rán èèyàn rin ọ̀nà. Òun gan-an ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìlú ò kà á sí. Ẹ wo ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ̀pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn, Ìgèdè ni hẹdikọ́tà, ẹni tó bá ń bọ̀ láti Ìgbẹmọ tàbí Àfàò á gba inú Adó kọjá kó tó débẹ̀, nítorí ìwé pélébé kan ṣoṣo. Ẹ gun ọ̀kadà láti abúlé kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ ọjà àti lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, ẹ kọ iye tí wọ́n gbà sílẹ̀, ẹ kọ ibi tí ọ̀nà ti ń bàjẹ́ lásìkò òjò. Tí ìṣirò yẹn bá wá fi hàn pé ìlú kejì ló súnmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jù, ẹ gbà fún wọn, kẹ́ ẹ wá du nǹkan míì, kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ tàbí ẹ̀ka ìlera, tàbí kí orúkọ ìlú yín wà nínú orúkọ LCDA, bí Òsì ṣe wà nínú Ìdó-Òsì tí ọ́fíìsì sì wà ní Ìdó. Àdéhùn pé ẹ ó máa gba ipò alága ní tọwọ́-tọwọ́ ni kẹ́ ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé, ẹgbẹ́ òṣèlú ló ń yan ẹni tó bá wù ú.

Ẹ wá ilẹ̀ o! Kí ẹbí tó ni ín fọwọ́ sí i, kí sọ́fè (ìwé ìwọ̀n ilẹ̀) wà, kó má jẹ́ igbó tí odò là láàárín.

Tẹ́ ẹ bá ń kọ mẹ́mò, ìyẹn ìwé tẹ́ ẹ máa fi béèrè nílé aṣòfin, ẹ yọ ọ̀rọ̀ adé kúrò. Ọ̀pọ̀ Kábíyèsí ilẹ̀ Èkìtì ló ní ìtàn bí wọ́n ṣe ti Ifẹ̀ wá, tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ pé ìlú yín ló dàgbà jù, ìdáhùn tó máa wá á gùn ju mẹ́mò yín lọ. Ojú ìwé méjì ti tó. Ní public hearing, ìjókòó tí ilé aṣòfin ti ń gbọ́ tẹnu ará ìlú, ẹ jẹ́ kí ìyálọ́jà kan sọ̀rọ̀, kì í ṣe lọ́yà nìkan.

Kẹ́ ẹ wá rí i dájú pé orúkọ ìlú hẹdikọ́tà wà nínú òfin fúnra rẹ̀ kí gómìnà tó fọwọ́ sí i. Ìkéde lásán ò tó. Wọ́n kéde Mọdákẹ́kẹ́ ní hẹdikọ́tà ìjọba ìbílẹ̀ Ife East ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lọ́dún 1997 wọ́n tún gbé e lọ sí Òkè-Ogbó ní Ilé-Ifẹ̀, ìjà tó ti rọlẹ̀ bá tún gbiná, ọ̀pọ̀ èèyàn kú, ó di bí ọdún 2000 kó tó rọlẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gbé hẹdikọ́tà ti Warri South West ní ìpínlẹ̀ Delta kúrò ní Ogbe-Ijoh lọ sí Ogidigben, ibẹ̀ náà gbóná. Tí wọ́n bá yí tiyín padà, kọ́ọ̀tù ni kẹ́ ẹ lọ, kí ẹnikẹ́ni má dínà o. Tí wọ́n bá sì ti fọwọ́ sí òfin ọ̀hún, ẹ lọ gba ẹ̀dà tí wọ́n lù lóǹtẹ̀ lọ́wọ́ kíláàkì ilé aṣòfin, kí ààfin ìlú kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀.