Bí mo ṣe rọ wáṣà idẹ kékeré fún abẹ ìfárí àtijọ́

Wáṣà (idẹ roboto olíhò) tó wà ní ìdí ìṣó èèkù abẹ náà ti jẹ dànù, pẹlẹbẹ sì ni èyí tí mo rí lọ́jà. Èyí tó yọ ikùn díẹ̀ ló yẹ ẹ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí a bá kọ́kọ́ gé idẹ, ihò kì í bọ́ sáàárín mọ́. Nítorí náà, ihò ni mo kọ́kọ́ lu, mílímítà 1.6, kí ń tó gé e yí ká. Mo fi bóòtù tín-ín-rín àti nọ́ọ̀tì há a, mo ki í bọ ẹnu dírììlì. Bó ṣe ń yí, mo rọra ń fi fáìlì tí a fi ń yún irin kàn án létí títí ó fi rí roboto. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bo ojú yín, èérún idẹ ń ta!) Mo fi iná yan án kó lè rọ̀, mo gbé e lé kòtò kékeré lára pákó líle, mo fi bọ́ọ̀lù irin lé e lórí, mo sì fi òòlù kàn án jẹ́jẹ́. Ó yọ ikùn wẹ́kú.