Bí ẹ ṣe máa ya iná mọ́tò lálẹ́ táá fi gùn bí okùn

Ẹ ti rí irú fọ́tò yẹn rí àbí, títì lálẹ́, ẹ ò rí mọ́tò kankan, iná pupa àti funfun kàn ń ṣàn lọ bí odò. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà o. Kámẹ́rà ni wọ́n ní kó lajú sílẹ̀ fún bíi sẹ́kọ́ǹdù 15 kó má ṣẹ́jú, iná tó bá ń kọjá á máa fa ìlà, mọ́tò fúnra ẹ̀ ò ní hàn torí kò dúró lójú kan.

Mókọ́lá n'Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ọ. Orí afárá táwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ gbà ni mo kọ́kọ́ dúró sí níbì kan, gbogbo fọ́tò rí bàìbàì, mo ti ń bínú sí lẹ́ǹsì, àṣé afárá yẹn ń mì ní gbogbo ìgbà tẹ́nì kan bá gbẹ́sẹ̀! Ẹ wá ilé alájà tó kọjú sí títì, kí ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé. Sítáǹdì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta pọn dandan, ẹ má fà á ga jù, ẹ so báàgì yín mọ́ àárín ẹ̀ kó lè wúwo, kí ẹ sì ká okùn kámẹ́rà kúrò kí atẹ́gùn má máa fi.

Ẹ má dúró dìgbà tílẹ̀ bá ṣú tán o, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe é tì. Oòrùn á ti wọ̀, ojú ọ̀run ṣì ní búlúù díẹ̀, bí aago méje alẹ́ níhìn-ín, ìṣẹ́jú 20 péré ni ẹ ní.

Ẹ yí kámẹ́rà sí M (ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó yan gbogbo ẹ̀), ISO 100 (bó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí), f/11 (bí ihò lẹ́ǹsì ṣe fẹ̀ tó, nọ́ńbà ńlá ni ihò kékeré), sẹ́kọ́ǹdù 10, kí ẹ wò ó. Tó bá funfun jù, f/16. Tí ìlà ò bá gùn tó, ẹ fi kún sẹ́kọ́ǹdù. Ẹ fi autofocus (kámẹ́rà á fúnra ẹ̀ jẹ́ kó mọ́ kedere) mú iná kan lọ́ọ̀ọ́kán, kí ẹ wá yí i sí MF (ọwọ́ yín nìkan ló lè yí i) kó má bàa máa wá nǹkan kiri nínú òkùnkùn, ẹ pa stabilizer (ohun tí kámẹ́rà fi ń dènà kí fọ́tò mì), ẹ lo táímà sẹ́kọ́ǹdù 2 torí ìka yín gan-an ń mi kámẹ́rà. Tó bá yà tán tó wá ń sọ pé òun busy fún iye sẹ́kọ́ǹdù kan náà, ẹ má yọ bátìrì, ó ń fọ àwọn tóótòòtó inú fọ́tò ni.

Gósílóò ò dáa fún un, iná á kàn dúró gbọọrọ síbì kan. Micra tí iná ẹ̀yìn ẹ̀ ti kú ńkọ́? Á kọjá bí iwin ni, ẹ ò ní rí i rárá 😂

Tí mọ́tò bá ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ sí Bulb (kámẹ́rà á lajú sílẹ̀ títí ẹ ó fi ní kó pa á dé), torí sẹ́kọ́ǹdù 30 ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà mọ, kí ẹ fi rímóòtù tẹ̀ ẹ́. Fìlà dúdú ni mo máa ń mú dání: tí títì bá dá, mo fi bo iwájú lẹ́ǹsì láì kàn án, tí mọ́tò bá yọ mo ṣí i.