Bí Ẹgbẹ́ Àwọn Olùlo Linux Ṣe Lè Ní Èrò Tí Yóò Máa Padà Wá

Linux jẹ́ ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, tí èèyàn lè lò dípò Windows. Ẹgbẹ́ àwọn olùlo rẹ̀ tí a bá dá sílẹ̀ nílùú bí Ìbàdàn kì í sábà ṣàìrí èrò ní ìpàdé àkọ́kọ́. Bí ó bá di ìpàdé kẹta ni àga máa ń ṣófo, tí yóò sì ku àwọn tí ó dá a sílẹ̀ nìkan. Lójú tèmi, kì í ṣe àìsí ìpolongo ló ń fà á. Ẹnì kan ni a máa ń jẹ́ kí ó fi wákàtí méjì gbáko sọ̀rọ̀, tí ẹni tí ó wọ ọkọ̀ méjì láti Mọ́níyà yóò sì tún gbé láptọ́ọ̀pù tí kò mú Wi-Fi padà sílé bí ó ṣe gbé e wá. Ìṣòro tí àwọn èèyàn gbé wá ni kí ẹ kọ́kọ́ gbájú mọ́, kí àsọyé tẹ̀lé e, kí ó má sì ju 20 ìṣẹ́jú lọ.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ẹgbẹ́ Homebrew Computer Club, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ó fẹ́ràn láti máa to kọ̀ǹpútà fúnra wọn, kọ́kọ́ pàdé ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 1975, nínú gáréèjì kan ní Menlo Park, ní Kalifọ́níà. Lee Felsenstein, tí ó wá ń darí ìpàdé wọn nígbà tó yá, máa ń jẹ́ kí àwọn èèyàn kọ́kọ́ dìde sọ ohun tí wọ́n ní, ohun tí wọ́n ń wá tàbí ohun tí wọ́n gbọ́. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tú ká nínú yàrá, tí kálukú yóò lọ bá ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn án. Àwọn ará ẹgbẹ́ yìí ni Steve Wozniak, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ Apple sílẹ̀, gbé kọ̀ǹpútà tí ó di Apple I, kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ilé-iṣẹ́ náà, wá hàn.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹnì kan sì máa kọ orúkọ àti ohun tí wọ́n ń wá sójú pátákó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọ̀gá dáhùn ìbéèrè lójú ẹsẹ̀, nítorí àríyànjiyàn lórí ìdáhùn kan ṣoṣo lè jẹ gbogbo àsìkò tán. Ní ìpàdé wa kan, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan dìde, ó rọra sọ pé òun ti fi Ubuntu, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Linux, sórí láptọ́ọ̀pù òun, ṣùgbọ́n kò rí Wi-Fi kankan. Nígbà tí a tú ká, bàbá kan tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe jókòó tì í, ó sì rí i pé káàdì Wi-Fi ti ilé-iṣẹ́ Broadcom ni, pé dráífà rẹ̀, ìyẹn ètò tí ń jẹ́ kí káàdì náà ṣiṣẹ́, ni kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣeé gbà wálẹ̀. Ó fi wáyà USB so fóònù ara rẹ̀ mọ́ ọn, dráífà wọlé, wọ́n pa ẹ̀rọ náà, wọ́n tún un tàn, àmì Wi-Fi sì yọ lókè. “Ẹ ṣeun gan-an, sà!” Igbe rẹ̀ mú kí gbogbo wa yíjú. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ó mú ọ̀rẹ́ méjì dání.

Ẹ yan ọjọ́ kan, kí ẹ má sì yí i padà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì nínú oṣù dára ju èyí tí ó gbẹ̀yìn lọ, nítorí ìmọ́tótó àyíká. Aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán sì ń jẹ́ kí àwọn obìnrin àti àwọn tí ilé wọn jìn tètè délé. Ibi tí ọkọ̀ ń já èrò sí ni kí ẹ lò, kí ẹ sì bi onílé léèrè nípa jẹnẹrétọ̀ àti kọ́kọ́rọ́ ṣáájú. Nígbà kan, ẹni tí ó gba owó gbọ̀ngàn lọ́wọ́ wa ti ilẹ̀kùn pa, kò sì gbé fóònù. A dúró nínú oòrùn fún wákàtí kan, púpọ̀ nínú àwọn tí ó wá lọ́jọ́ náà ni a kò sì rí mọ́.

Lórí WhatsApp, ìkéde méjì ti tó: ọ̀kan ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, èkejì ní àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé. Ẹ kọ ohun tí a fẹ́ ṣe sínú rẹ̀, irú bíi “Ẹni tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ kò bá Linux ṣiṣẹ́, kí ó gbé e wá.” Ìyẹn ń mú èèyàn dìde nílé ju “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ìpàdé” lọ.

Ẹ fi ẹnì kan sí ẹnu ọ̀nà tí yóò máa sọ fún àlejò pé “Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ọ̀nà,” tí yóò béèrè orúkọ rẹ̀, tí yóò sì mú un lọ jókòó ti ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè ìbéèrè ní Yorùbá bí ó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Bí ẹnì kan bá wá lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fún un ní iṣẹ́ kékeré kan ṣe, bíi kíkọ orúkọ àwọn tí ó wá tàbí gbígbé pátákó.

Kí akọ̀wé ní ìwé kan tí yóò máa kọ ohun tí oníkálukú ń wá sí, àti bóyá ó rí i. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé ìpàdé, ẹ pe àwọn tí kò rí ti wọn yanjú lórí fóònù, kí ẹ sọ orúkọ ẹni tí yóò dúró dè wọ́n ní oṣù tí ó ń bọ̀.