Kálísíọ̀mù inú odò orí òkè onígbó: níbo ló ti ń wá?

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi wá ṣáá, ẹnu wa sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ìdáhùn rèé.

Mítà conductivity mi (èyí tó ń wọn bí omi ṣe ń gbé iná mànàmáná) kò dúró sójú kan.
Ẹ fi omi odò yẹn gan-an ṣan orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì dúró títí yóò fi tutù tó omi náà.

Omi mọ́ gaara, síbẹ̀ irin àti alumíníọ̀mù pọ̀ jù.
Àṣìṣe yín ni pé ẹ ti da ásíìdì sí i kí ẹ tó sẹ́ ẹ. Ásíìdì ti jẹ amọ̀ tó wà nínú ìgò. Ohun tó jáde lára amọ̀ lẹ ń kà, kì í ṣe ohun tó yòrò nínú odò. Asẹ́ oníhò 0.45 máíkírónì ló ṣáájú, létí odò níbẹ̀. Ẹ wá kán ásíìdì náítíríkì mímọ́ sí i títí pH (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó) yóò fi wá sísàlẹ̀ 2. Ìgò ti kiloráìdì àti baikabọ́néètì kò gbọdọ̀ rí ásíìdì rárá!

Pọtásíọ̀mù ga lójijì lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀.
Ewé ni, kì í ṣe òkúta. Òjò ló fọ̀ ọ́ kúrò lórí igi àti lára ewé gbígbẹ.

Gíránáìtì ni gbogbo òkè náà, àmọ́ kálísíọ̀mù fi ìlọ́po mẹ́rin ju sódíọ̀mù lọ.
Ẹ kọ́kọ́ yọ ti òjò kúrò: tó bá jẹ́ òjò tó ti òkun wá ló gbé kiloráìdì náà dé, ẹ sọ móòlù (òṣùwọ̀n iye átọ́ọ̀mù) kiloráìdì di ìlọ́po 0.86, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú sódíọ̀mù. Ní móòlù, ohun tó ń ti ara òkúta bíi gíránáìtì wá máa ń wà ní nǹkan bí kálísíọ̀mù 0.35 sí sódíọ̀mù 1. Ti òkúta kabọ́néètì, bíi mábù, ń lọ sí 50. Mẹ́rin yín ń sọ pé nǹkan míì wà nínú òkè yẹn.

Ẹ má tíì dá igi lẹ́bi. Ohun tí igi bá fà mu, ó ń dá a padà nígbà tí ewé bá rẹ̀, àfi tí wọ́n bá gé igbó náà. Ní Hubbard Brook, igbó ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, kálísíọ̀mù odò pọ̀ sí i lẹ́yìn tí wọ́n gé igbó kan lulẹ̀ ní 1965.

Nígbà tí odò bá fà, ẹ gòkè lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Níbikíbi tí odò méjì bá ti pàdé, ẹ wọn ìṣàn àti kálísíọ̀mù odò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún wọn tìsàlẹ̀ níbi tí mítà ti ń ka iye kan náà létí ọ̀tún àti létí òsì. Bí àpẹẹrẹ: apá òsì ń gbé lítà 40 wá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, pẹ̀lú mílígíráàmù kálísíọ̀mù 3 nínú lítà kan, apá ọ̀tún ń gbé lítà 10, pẹ̀lú 18. Àpapọ̀ jẹ́ mílígíráàmù 300 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ìsàlẹ̀ bá wá jẹ́ lítà 55 pẹ̀lú 9, 495 nìyẹn. Lítà 5 tó lé ló gbé 195 wọlé, ìyẹn 39 nínú lítà kan. Omi abẹ́ ilẹ̀ ni.

Ẹ wọ́ tẹmómítà lórí ilẹ̀ odò láàárín ibi tí odò méjì náà ti pàdé àti ibi tí ẹ ti wọn tìsàlẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, ibi tó bá tutù lójijì ni omi ti ń sun. Ẹ fọ́ òkúta ibẹ̀, kí ẹ wá ìlà funfun tín-ín-rín bí irun. Ẹ kán ásíìdì haidirokilóríìkì 10% sí i. Tó bá hó, kálísáìtì ni, ìyẹn kabọ́néètì kálísíọ̀mù. Ó lè má tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún òkúta náà, síbẹ̀ ó ń yòrò ju fẹ́lísípà, èyí tó pọ̀ nínú gíránáìtì, lọ fíìfíì.

Tí mábù bá tún wà lókè ńkọ́?
Kálísíọ̀mù nìkan kò lè ya ti mábù àti ti ìlà kálísáìtì inú gíránáìtì sọ́tọ̀. Ẹ fi ìgò tí ẹ ti sẹ́, tí ẹ sì fi ásíìdì sí, ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò tó ń wọn ísótóòpù (oríṣi átọ́ọ̀mù tí ìwúwo wọn yàtọ̀) sítíróńtíọ̀mù, pẹ̀lú èérún òkúta méjèèjì.