Òwú èédú wa kò mú aró: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ àṣekágbá ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ń ṣe lórí activated carbon fiber, òwú èédú tí a fi viscose rayon, òwú àtọwọ́dá, sè. Wọ́n bá wa wọn BET rẹ̀, ìyẹn fífẹ̀ ojú ara rẹ̀ pẹ̀lú ti inú ihò rẹ̀, ó jẹ́ 1,400 m² fún gíráàmù kan. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kó o sínú omi tí a po aró pupa Congo red sí, omi náà ṣì pọ́n kankan lọ́jọ́ kejì. Èédú oníhóró tí a rà, tí BET rẹ̀ kò ju 900 lọ, mú aró náà jù ú lọ fíìfíì. Ṣé ẹ̀rọ ló parọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ̀rọ ò parọ́, ohun tí ẹ bi í ló fi dá yín lóhùn. Gáàsì náítírójìn ni wọ́n fi ń wọn BET, nínú òtútù 77 K (bí -196°C). Náítírójìn kéré gan-an, bí 0.36 nm ni (nm kan ni ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà). Kọ̀rọ̀ tó bá ti lè wọ̀, ẹ̀rọ á ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn. Lóòótọ́ ni 1,400 yẹn: bí ẹ bá lè tẹ́ gíráàmù márùn-ún òwú yín sílẹ̀ bí ẹní, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kárí pápá bọ́ọ̀lù.

Congo red ńkọ́? Ọ̀pá gbọọrọ ni, gígùn rẹ̀ ju 2 nm lọ. Bẹ́ẹ̀ ihò tó pọ̀ jù lára òwú bíi tiyín kò tó 2 nm. Micropore ni wọ́n ń pè é. Ilé ẹlẹ́gbẹ̀rún yàrá tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò gbà ju èèrà lọ, èkúté ò lè sùn níbẹ̀. Èédú oníhóró yẹn ní mesopore, ihò 2 sí 50 nm, ìyẹn ni aró rí gbà wọlé.

Kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ mi, ẹ dán an wò. Ẹ fi iodine, tó kéré, àti methylene blue, aró tó kéré sí Congo red, ṣe ìdánwò kan náà. Bí òwú náà bá mú iodine dáadáa, tó mú methylene blue níwọ̀nba, tó sì kọ Congo red, ihò ló kéré. Ẹ tún wo pH, ìyẹn bí ásíìdì ṣe pọ̀ tó nínú omi náà. Mo ti rí ẹni tó ní aró òun ti tán, àṣé ásíìdì tí kò fọ̀ kúrò lára èédú ló sọ Congo red di búlúù. Aró ò lọ síbì kankan, àwọ̀ ló yí padà.

Bí ihò bá kéré lóòótọ́, ẹ lè dá òwú náà padà sínú steam tàbí CO₂, ní nǹkan bí 850°C, kó pẹ́ sí i. Ògiri àárín ihò á máa jó, ihò á máa fẹ̀. Òwú náà á dín kù, á sì máa já, nítorí náà ẹ máa yọ díẹ̀díẹ̀ wò. Tèmi ni pé kí ẹ fi aró ńlá sílẹ̀. Òwú tó nípọn 10 sí 20 µm (µm kan jẹ́ 1,000 nm), tí micropore rẹ̀ ṣí síta gbangba, òórùn àti kẹ́míkà kéékèèké bíi phenol ló yẹ ẹ́. Ó máa ń yára mú wọn ju oníhóró lọ, torí lára oníhóró, wọ́n gbọ́dọ̀ gba ihò ńlá kọjá kí wọ́n tó dé kékeré.

Ìbéèrè: Káfíńtà ni mí. Mo fi aṣọ òwú èédú dí ojú fáànù níbi tí a ti ń kun àga. Nígbà ọyẹ́, a kì í gbóòórùn tínà tí a fi ń po ọ̀dà rárá. Òjò dé, òórùn padà. Mo sá a sóòrùn, kò yàtọ̀.

Ìdáhùn: Ọ̀rinrin ni mo kọ́kọ́ fura sí. Tí afẹ́fẹ́ bá ti tutù ju ìdajì lọ lórí òṣùwọ̀n ọ̀rinrin, oru omi á bẹ̀rẹ̀ sí í kún inú ihò, òun àti tínà á sì máa du àyè. Ẹ wọn aṣọ náà, ẹ gbẹ ẹ́ nínú ààrò (oven) aláfẹ́fẹ́ tí kò ní iná lójú, ní 105°C, kí ẹ tún un wọn. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni kó wà o, torí tínà máa ń gbiná. Bó bá ṣì wúwo ju ìgbà tí ẹ rà á lọ, tínà ti kún un. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ó lè mú ìpẹtà kúrò nínú omi borehole?

Ìdáhùn: Rárá. Irin tó ti yòrò sómi kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ èédú, èyí tó bá sì ti di ìpẹtà á kàn dí ihò ni. Ẹ jẹ́ kí omi náà kọ́kọ́ gba afẹ́fẹ́, kó sìlẹ̀, kó gba inú yanrìn kọjá, kó tó dé ọ̀dọ̀ èédú. Kòkòrò àìsàn náà, òwú yìí kì í pa á. Ẹ ṣì máa se omi yín.