Bí A Ṣe Ń Ta Àwòrán Ní Gbàǹjo Láti Fi Dáàbò Bo Àbàtà Èkó

Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí ẹ tó wá ayàwòrán. Ọ̀pọ̀ ètò báyìí ń bẹ̀rẹ̀ láti orí gbọ̀ngàn àti káàdì ìpè. Nígbà tí oníbàárà bá wá béèrè pé, "Ilẹ̀ wo gan-an lowó yìí ń lọ sí?", kò ní sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Ẹni tí kò bá rí èsì gbà kì í fowó kún owó. Ẹ sọ ibi tí ilẹ̀ náà wà, bó ṣe tóbi tó, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, àti iṣẹ́ tí owó náà máa ṣe níbẹ̀.

L'Ékòó, ẹ má fi ríra ilẹ̀ ṣe àfojúsùn. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, àwọn ẹbí onílẹ̀ wà níbẹ̀, owó tí wọ́n ń pè lórí ilẹ̀ etí ọ̀sà sì kọjá ohun tí gbàǹjo ọjọ́ kan lè pa. Ohun tí owó gbàǹjo lè ṣe dáadáa ni kó san owó oṣù àwọn tó ń ṣọ́ ọgbà, kó tún afárá pákó tí àlejò ń gbà ṣe, kó gbin igi ẹ̀gbà (mangrove) sí etí omi tí wọ́n ti gé e, kó sì kó ike àti ọ̀rá kúrò nínú àbàtà. Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín, ibi tó ti ní ààlà àti òṣìṣẹ́ ni kí ẹ bá ṣe. Irú ibẹ̀ ni Lekki Conservation Centre, tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990: hẹ́kítà 78 ni, afárá rẹ̀ tó gba òkè igi kọjá sì gùn tó mítà 401. Bó bá wá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí lẹ fẹ́ kí wọ́n má rọ iyanrìn sí, ìbuwọ́lùwé olórí ẹbí nìkan kò tó. Ẹ gba ti àwọn àgbà ìdílé mọ́ ọn, nítorí pé ilé ẹjọ́ lè fagi lé ohun tí olórí ẹbí dá nìkan fọwọ́ sí. Kẹ́ ẹ sì gbé ìwé sọfé lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Aláúsá, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ ọ̀hún tẹ́lẹ̀.

Ẹgbẹ́ tó máa gba owó gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ ni kí ó wà lórí àkáǹtì, kí èèyàn méjì máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Owó tó bá gba àkáǹtì ẹnì kan kọjá, bó ti wù kí ẹni náà jẹ́ olóòótọ́ tó, máa dá ariyànjiyàn sílẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí ìpín ayàwòrán, torí ibẹ̀ ni gbàǹjo bẹ́ẹ̀ ti sábà ń bàjẹ́. Ẹ má sọ fún ayàwòrán pé kó fi gbogbo owó iṣẹ́ rẹ̀ tọrẹ. Òun ló ra kánfáàsì, òun ló ra ọ̀dà, òun ló ń san owó ilé tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ẹ bá ní kó wá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún, iṣẹ́ tó ti fara ti ògiri látọjọ́ tó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rà ló máa gbé wá, àwọn oníbàárà á sì mọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, bí iṣẹ́ rẹ̀ bá lọ ní owó pọ́ọ́kú lójú gbogbo ayé, àwọn tó ń rà á tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í náwó bẹ́ẹ̀ fún un. Ìdajì sí ìdajì ni a gbà pé ó tọ́.

Àwọn kan ń lo ọ̀nà mìíràn: ayàwòrán á gba iye ìsàlẹ̀ (èyíinì ni iye tí a kò gbọ́dọ̀ tà á kéré sí), ohun tó bá lé á wá jẹ́ ti ilẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Àwòrán tí iye ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦300,000 tà ní ₦520,000. Lọ́nà yìí, ayàwòrán gba ₦300,000, ilẹ̀ gba ₦220,000. Bí a bá pín in dọ́gba, kálukú á gba ₦260,000. Ó dà bíi pé ìyàtọ̀ kò pọ̀. Àmọ́ bí àwòrán náà bá tà ní ₦300,000 géérégé, ilẹ̀ kò rí kọ́bọ̀, oníbàárà tó rò pé òun ṣe àánú kò sì mọ̀. Ìdí nìyí tí a fi fara mọ́ pípín dọ́gba. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ àwòrán kí gbogbo ènìyàn kà á.

Ìwé àdéhùn kò gbọdọ̀ ju ojú ewé kan lọ: orúkọ ayàwòrán, àkọlé, irú ọ̀dà, ìwọ̀n ní sẹ̀ǹtímítà (gíga ṣáájú fífẹ̀), ọdún tí wọ́n yà á, iye ìsàlẹ̀, ìpín, ọjọ́ tí owó máa dé ọwọ́ rẹ̀, àti ọjọ́ tí iṣẹ́ tí kò bá tà máa padà sílé. Ẹ fi kún un pé ẹ̀tọ́ àdàkọ ṣì jẹ́ ti ayàwòrán. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 2022 dáàbò bo èyí. Ẹni tó ra àwòrán kò rà agbára láti tẹ̀ ẹ́ sórí kàlẹ́ńdà.

Iṣẹ́ 25 sí 30 ló tó fún ìrọ̀lẹ́ kan. Onígbàǹjo tó bá ń ṣàlàyé díẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan á lo nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bó bá ju ọgbọ̀n lọ, àwọn tó lówó lọ́wọ́ á ti dìde kí ó tó parí. Àwọn tó ti Yaba College of Technology àti Yunifásítì Èkó jáde pọ̀ tó láti yàn nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ya omi àti igi lójoojúmọ́ ni kí ẹ wá, kì í ṣe ẹni tó lórúkọ jù.

Ẹ kó wọn lọ sí ilẹ̀ náà gan-an. Àwòrán tí wọ́n yà láti inú fọ́tò orí fóònù máa ń jọra wọn, àwọ̀ ewé kan náà ni gbogbo wọn á ní. Ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ baálẹ̀ àti àwọn apẹja ṣáájú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ìgbà tí omi máa kún àti ìgbà tó máa fà, nítorí gbòǹgbò ẹ̀gbà tí ẹ fẹ́ yà lè ti wọnú omi pátápátá kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì bí ọkọ̀ ojú omi lẹ fẹ́ wọ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́wàá àárọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ dára jù. Tí oòrùn bá ti wà lókè orí, òjìji á kúrú, akírílíìkì (ọ̀dà tí a ń fi omi pò) á sì máa gbẹ lórí búrọ́ṣì. Ẹ gbé ìgò omi tí a fi ń fọ́n ọ̀dà dání. Lásìkò ọyẹ́, eruku máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà olóròró tí kò tíì gbẹ, kò sì ní ṣeé nù.

Ohun kan wà tó yẹ kí ayàwòrán mọ̀. Ewéko tó máa ń bo ọ̀sà lákòókò òjò, tó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò (water hyacinth), rẹwà lójú, àmọ́ kì í ṣe ti wa. Ní 1984 ni wọ́n kíyè sí i ní omi Badagry. Omi òjò tó ń ti odò Ògùn wá máa ń dín iyọ̀ inú ọ̀sà kù, ìgbà yẹn ló ń gbèrú. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí iyọ̀ padà, á kú, á rà sínú omi. Bí ó bá wà nínú àwòrán, ẹ kọ ìtàn yìí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Irú àlàyé báyìí ló ń mú kí ènìyàn fẹ́ràn àwòrán kan ju òmíràn lọ.

Ìwọ̀n 60 sí 90 sẹ̀ǹtímítà wọ ẹ̀yìn mọ́tò. Ohun tó ju 120 lọ nílò ọkọ̀ akẹ́rù. Ọ̀dà olóròró gbọ́dọ̀ gbẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán kí ẹ tó gbé e. Ẹ má fi fáníìṣì kùn ún nítorí kó lè máa dán lọ́jọ́ gbàǹjo: bí ìsàlẹ̀ ọ̀dà kò bá tíì gbẹ, ojú rẹ̀ á sán. Oṣù mẹ́fà ni ọ̀dà tó nípọn sábà ń fẹ́. Ẹ má fi àwòrán ti ògiri tútù ní ìgbà òjò, ẹ̀yìn rẹ̀ á bu.

Ní ti ọjọ́, Sátidé l'Ékòó, òwàm̀bẹ̀ ló ni ín. Ọ̀sán Sunday, aago mẹ́ta, ló sàn jù, afárá Third Mainland kì í sì há bíi ti ọjọ́ Friday. Freedom Park ní Broad Street rọrùn fún ará Ìsàlẹ̀ Èkó àti ará òkè odò, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé abẹ́ òrùlé ni àwòrán wà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ènìyàn rí iṣẹ́ náà fún ọjọ́ méjì ṣáájú, kí agbedeméjì àwòrán wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 150 láti ilẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ ti wà ní títàn kí gbàǹjo tó bẹ̀rẹ̀. Iná tó bá lọ láàárín ìdíje á pa owó tó ń gòkè.

Lórí iye ìbẹ̀rẹ̀, ẹ wo ohun tí iṣẹ́ ayàwòrán náà ń tà ní gálárì, kí iye ìsàlẹ̀ jẹ́ ìdajì rẹ̀ tàbí díẹ̀ sókè. Bí owó kò bá tíì tó ₦200,000, ẹ máa fi ₦10,000 kún un. Láti ibẹ̀ dé ₦500,000, ẹ fi ₦25,000. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ₦50,000. Ẹ má gbé ènìyàn yín sáàárín àlejò láti máa fi irọ́ ti owó sókè. Ẹ̀tàn ni, bí wọ́n bá sì mọ̀, kò sẹ́ni tó máa wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Olúkúlùkù tó bá fẹ́ náwó á kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì sílẹ̀, á sì gba pátákó nọ́ńbà. Kí akọ̀wé méjì máa kọ ìwé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n fi ṣe ara wọn wé bí òòlù bá ti ń lù. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹni tó ṣe ìkejì náà: bí ẹni tó borí bá sá, ẹni ìkejì lẹ máa pè.

Ẹni tó ń sá kì í ṣe ọ̀wọ́n. Ní ibi ìkówójọ wa, ènìyàn lè dìde, kó ké owó ńlá kí wọ́n pàtẹ́wọ́, kó má sì san án láé. Nítorí náà, ẹ gba owó kí wọ́n tó kúrò ní gbọ̀ngàn, kẹ́ ẹ má sì gbé àwòrán lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nítorí álẹ́ẹ̀tì tó fi hàn yín lórí fóònù tirẹ̀. Inú àkáǹtì ẹgbẹ́ ni kí akápò ti rí owó náà. Ẹ fún un ní rìsíìtì tó pín owó náà sí méjì: ti ayàwòrán, ti ilẹ̀.

Owó gbọ̀ngàn, ìpápánu àti iná kò gbọ́dọ̀ jáde láti inú ìpín ilẹ̀. Ẹ wá ilé iṣẹ́ tó máa gbé e, tàbí kẹ́ ẹ dín àríyá kù. Ẹ san ti ayàwòrán láàárín ọjọ́ 14, kí ẹ sì fi àpapọ̀ owó tó wọlé àti èyí tó jáde ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó gba pátákó, títí kan àwọn tí kò rí nǹkan rà. Iṣẹ́ tí kò bá tà, ẹ dá a padà fún ẹni tó yà á lọ́jọ́ tí ẹ dá fún un, kẹ́ ẹ má sì tà á lẹ́yìn ní iye tó kéré sí iye ìsàlẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.