Bí a ṣe ń yan ọ̀nà tí rọ́bà èémí yóò gbà wọlé ṣáájú iṣẹ́ abẹ

Ẹnu aláìsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹ tó yan irin tí a fi ń wo ọ̀fun. Ẹ ní kó yanu, kó yọ ahọ́n. Bí bèlubèlu bá hàn ketekete, iṣẹ́ ọ̀hún sábà máa ń rọrùn; bó bá jẹ́ àjà ẹnu líle nìkan lẹ rí, ẹ múra sílẹ̀ fún wàhálà. Ṣé ìka mẹ́ta wọ àárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀? Ṣé ọrùn ṣeé gbé sẹ́yìn? Eyín wo ló ń mì? Ẹ bi í ní aago tó jẹun gbẹ̀yìn. Ní Oǹdó, ẹni tó jẹ iyán lóru lè sọ láàárọ̀ pé òun ò tíì fẹnu kan nǹkan, kò sì parọ́ lójú ara rẹ̀. Bí ó ṣe yẹ kó jìn sí iṣẹ́ abẹ nìyí: omi lásán, wákàtí 2. Oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́, 6. Oúnjẹ ọlọ́ràá tàbí àjẹyó, 8.

Ẹ fún un ní ọ́síjìn fún ìṣẹ́jú 3, kí máàsìkì lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa. Owó àpamọ́ lèyí tí ẹ ó máa ná nígbà tí èémí bá dúró. Ti aláboyún, ọmọdé àti ẹni tó sanra máa ń tètè tán. Ẹ fi ìrọ̀rí gbé orí títí ihò etí yóò fi ṣe déédéé pẹ̀lú egungun àyà.

Irin Macintosh, tó ti wà láti 1943, ni ọ̀pọ̀ wa fi kọ́ṣẹ́. Ọwọ́ òsì ló ń mú un. Ẹ gba igun ẹnu ọ̀tún wọlé, ẹ gbá ahọ́n sí òsì, ẹ máa lọ títí ẹ ó fi rí ìdérí gògóńgò. Ẹ ki ṣóńṣó irin sí kòtò tó wà láàárín ìdérí yẹn àti ìdí ahọ́n, kí ẹ wá gbé e síwájú àti sókè, síbi tí ọwọ́ irin náà kọjú sí. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ sábà máa ń fi eyín òkè ṣe ìtìlẹ̀, bí ẹni ń ṣí ìgò mínírà. Eyín á kán, ẹ ò sì ní ríran jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí tán-án-ná, ìyẹn awẹ́ méjì tó ń mú ohùn jáde, bá yọ, ẹ ti rọ́bà wọlé títí àpò afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ yóò fi kọjá: nọ́ńbà sẹ̀ǹtímítà ara rọ́bà yóò jẹ́ 21 níbi eyín fún obìnrin, 23 fún ọkùnrin. Bó bá jìn jù, ẹ̀ka ọ̀tún kòmóòkun, ọ̀nà tí èémí ń gbà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ló máa wọ̀, àyà òsì kò ní gbéra. Fífẹ̀ inú rọ́bà ní mílímítà: obìnrin, rọ́bà 7.0 tàbí 7.5, ọkùnrin, 8.0, ọmọdé, ẹ fi 4 pín ọjọ́ orí, kí ẹ fi 3.5 kún un bí rọ́bà bá ní àpò afẹ́fẹ́.

Bó bá jẹ́ ìdérí nìkan lẹ rí, bougie, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ rírọ̀, ni kí ẹ lò. Ẹ yọ́ ọ gba abẹ́ ìdérí, ìka yín á gbọ́ bó ṣe ń ta kẹ́kẹ́kẹ́ lára òrùka kòmóòkun. Ẹ má yọ irin kúrò lẹ́nu bí ẹ ṣe ń fi rọ́bà gun orí rẹ̀. Bí rọ́bà bá há, ẹ yí i sí òsì díẹ̀. Bougie kò wọ́n, ó yẹ kó wà lórí tábìlì lójoojúmọ́.

Irin oníkámẹ́rà dára gan-an fún ọrùn tí kò ṣeé tẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn lè rí tán-án-ná ketekete kí rọ́bà máà dé ibẹ̀. Ẹ fi wáyà tó tẹ̀ bíi irin náà sínú rọ́bà, ẹnu ni kí ẹ máa wò títí rọ́bà yóò fi wọlé, kí ẹ tó wo ojú ẹ̀rọ, kó má baà gún àjà ẹnu. Ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ máa ń fọ́ kámẹ́rà lójú. Ní Àkúrẹ́, ẹ fi iná sí bátìrì rẹ̀ lálẹ́ nígbà tí iná bá wà, kí irin lásán sì wà nítòsí.

LMA, máàsìkì tí a ń fi sínú ọ̀fun, kò kọjá tán-án-ná, kò sì lè dá èébì dúró. Ẹ fi í sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ kúkúrú lára ẹni tí inú rẹ̀ ṣófo. Ẹni tí gẹ̀gẹ̀ ńlá ti fún lọ́nà èémí tàbí tí ẹnu rẹ̀ kò là, ẹ má kùn ún lóorun ṣáájú: lidocaine, oògùn tó ń mú ara kú, ni kí ẹ fi pa ọ̀fun kú, kí ẹ fi fiberoptic, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ríran, gba imú wọlé nígbà tó ṣì ń mí fúnra rẹ̀.

Àyà gbígbọ́ nìkan lè tanni jẹ. Ìlà capnograph, ẹ̀rọ tó ń fi carbon dioxide inú èémí hàn, ni kí ẹ wò, kó yọ fún èémí 7 ó kéré tán. Bí kò bá yọ, ọ̀nà oúnjẹ ni kí ẹ kà á sí. Ẹ yọ ọ́. Ìgbìyànjú kò gbọdọ̀ ju 3 lọ, kí ẹ máa fún un ní ọ́síjìn láàárín wọn. Bí máàsìkì àti LMA náà bá kọ̀, ẹ la iwájú ọrùn: abẹ nọ́ńbà 10, bougie, rọ́bà 6.0, tí a ti dì pọ̀ sára ẹ̀rọ ìkunnilóorun láti àárọ̀.